Kí Ni Ó Ga Nínú “Ìgbóná Gíga”? Ọ̀rọ̀ lórí Orúkọ Àwọn Agbéná Aláìnídènà

Atúmọ̀ èdè tí ó bá pe ohun tí ó tutù ju omi dídì lọ ní ohun “ìgbóná gíga” ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni ó ń dúró de ẹni tí ó bá fẹ́ tú orúkọ tí àwọn onímọ̀ físíìsì fún àwọn agbéná kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ní 1911, ní ìlú Leiden ní orílẹ̀-èdè Netherlands, Heike Kamerlingh Onnes ṣàkíyèsí pé bí mákúrì bá tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 269 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdènà tí ó ń ṣe fún iná mànàmáná a máa pòórá. Ní 1986, Bednorz àti Müller rí i ní Switzerland pé àdàlù lántánọ́ọ̀mù, báríọ́ọ̀mù, bàbà àti ọ́síjìn kò nílò òtútù tó bẹ́ẹ̀. Ní 1987, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí òmíràn, tí ítíríọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, tí ìdènà rẹ̀ ń pòórá ní nǹkan bí ìwọ̀n 180 nísàlẹ̀ òdo. Náítírójìn olómi, tí ń hó ní ìwọ̀n 196 nísàlẹ̀ òdo, tó láti mú un tutù dé ibẹ̀. Èyí ni “gíga” tí orúkọ náà ń wí: òtútù ni síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ìwọ̀n òtútù àti ooru kò dárúkọ ooru. “Ìwọ̀n ìgbóná” ti Yorùbá dárúkọ rẹ̀. Nítorí náà, “agbéná ìgbóná gíga” yóò mú kí ọmọ ilé-ìwé ronú kan irin inú iná alágbẹ̀dẹ. “Agbéná ńlá” pẹ̀lú kò tọ̀nà, nítorí kì í ṣe pé ohun yìí fi díẹ̀ sàn ju bàbà lọ. Wáyà bàbà, bí ó ti wù kí ó dára tó, a máa sọ díẹ̀ nínú agbára iná di ooru. Agbéná yìí kì í sọ ọ́ dà rárá, bí iná náà bá ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

“Agbéná aláìnídènà” ni ó yẹ jù, kí àwọn ti 1986 àti lẹ́yìn rẹ̀ sì máa jẹ́ “agbéná aláìnídènà olójú-ààlà gíga”. Ojú-ààlà ni ìwọ̀n tí ìdènà ti ń pòórá. Òun ni ó ga, kì í ṣe ooru.

Ẹnìkan lè sọ pé orúkọ yìí gùn, àti pé kò mẹ́nu ba ohun tí Meissner àti Ochsenfeld rí ní 1933, pé irú ohun bẹ́ẹ̀ a máa lé agbára òòfà jáde kúrò nínú ara rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ lè fi àlàyé kún orúkọ tí kò sọ ọ̀rọ̀ tán. Èyí tí ó ti ṣi ọmọ lọ́nà ni ó ṣòro láti tún ṣe.