Ọ̀nà Kejì Dà?

"Ẹ má bínú, mà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí." Ta ni kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu oní-POS ní Òfin, ní Ṣágámù? Èyí tó burú jù ni kí báńkì ti yọ owó, kí owó náà má sì dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n san án fún. Èèyàn méjì tí kò jẹ ara wọn ní gbèsè á wá máa fura síra wọn. Ní Sábó, ọlọ́bì tó ń retí àláàtì láti Òkè Ọya kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra.

Ẹjọ́ oní-POS kọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan. Lọ́jọ́ náà gan-an ni áàpù àwọn báńkì kan dákẹ́ ní Nàìjíríà. Àtúnṣe wáyà gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Equiano ti Google, tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022, kò fara gbá, bẹ́ẹ̀ ni Glo-1. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Iléeṣẹ́ tó ń sanwó fún wáyà méjì lè máa sùn fọnfọn, àmọ́ bí méjèèjì bá gba ibì kan náà kọjá, ọ̀kan ṣoṣo ló ní. Oní-POS tó fi síìmù méjì sápò náà kò bọ́ níbẹ̀, torí iléeṣẹ́ tẹlifóònù méjì lè jọ máa lo òpó kan.

Ewu orí ilẹ̀ náà ń bẹ. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún yẹn kan náà, wáyà MTN já níbi púpọ̀, ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn kò sì rí ìpè ṣe fún wákàtí mélòó kan.

Nígbà mìíràn, wáyà kankan kò tilẹ̀ já. Ní oṣù Keje 2024, àtúnṣe kan tí CrowdStrike, iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, fi ránṣẹ́ dá kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 dúró káàkiri àgbáyé. Ní Íńdíà, ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ìwé ìwọkọ̀ òfuurufú fún àwọn èrò kan. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi oní-POS tó ń kọ orúkọ, iye owó àti aago sínú ìwé ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé yẹn ló máa ń parí ìjà.

Láti 2025 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ti pa á láṣẹ pé kí iléeṣẹ́ tẹlifóònù kéde ìdíwọ́ ńlá fáráàlú, kí wọ́n sì san gbà-máà-bínú bó bá kọjá wákàtí 24. Ìwé ìròyìn yìí ń fẹ́ kí Báńkì Àpapọ̀ fi irú okùn bẹ́ẹ̀ de àwọn báńkì. Kí báńkì kọ̀ọ̀kan fi ibi tí ọ̀nà kejì rẹ̀ gbà han Báńkì Àpapọ̀. Ní òru Sátidé kan, lójú àwọn alábòójútó, kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa ọ̀nà àkọ́kọ́, ká wò ó bóyá tiransifá ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà yóò ti Òfin dé Kánò.