Kíríìmù ọyẹ́ inú korobá

Lọ́jọ́ tí ọyẹ́ wọ Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yìn ọwọ́ mi ni mo fi mọ̀. Mo jí láàárọ̀, ó ti funfun bí ọwọ́ ẹni tó ń ku èlùbọ́. Ètè mi ti sán, gìgísẹ̀ mi ń ha aṣọ ibùsùn. Ọmọ mi obìnrin wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí n bá yín ra kíríìmù ọyẹ́." Nígbà tó dé láti ìgboro, ike kékeré kan ló gbé lé mi lọ́wọ́. Kò ní orúkọ, kò ní àkọlé kankan lára. Inú korobá ni wọ́n ti bu ú fún un. Ẹni tó tà á ló fọwọ́ ara rẹ̀ pò ó.

Mo fi para fún ọjọ́ 3. Lọ́jọ́ kẹrin, abẹ́ ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í bó, bí oòrùn bá sì ti kàn án, á máa ta mí bí ìgbà tí wọ́n fi ata rodo pa á. Lóòótọ́, mo pupa díẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ kí mi pé ara mi ń dán.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Ẹni tí ọyẹ́ ń yọ lẹ́nu, ohun tí yóò mú ara rẹ̀ rọ̀ ló ń wá, ohun tó ń bóra ni wọ́n ń tà fún un. Irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ní hydroquinone tó ń bóra nínú, ó lè ní steroid tó ń mú kí awọ fẹ́lẹ́, ó sì lè ní mákúrì, èyí tó ń gba ara wọlé lọ ba kíndìnrín jẹ́. Àdéhùn àgbáyé Minamata ti ọdún 2013, tí Nàìjíríà náà buwọ́ lù, lòdì sí mákúrì nínú ìpara. Ta ló ka àdéhùn náà fún oní-korobá?

Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ọyẹ́ kò ta kókó. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni atẹ́gùn yẹn ti ń bọ̀, púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ sì ń wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́. Ohunkóhun tó bá ní omi lára, fífà ló máa fà á gbẹ. Ẹ wo ṣòkòtò jíínsì tí kì í gbẹ fún ọjọ́ 2 lásìkò òjò: lásìkò ọyẹ́, kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti gan lórí okùn. Aṣọ tútù ni ara wa náà lójú ọyẹ́. Òróró kì í bu omi sára, ìdérí ni. Ìkòkò tí omi inú rẹ̀ ti gbẹ tán, kí là ń dé e fún?

Ìyá àgbà tó tọ́ mi ní Ṣakí kò ka ìwé kankan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ èyí. Bí mo bá ń wẹ̀ lọ́wọ́, ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró sí. "Má nura o!" Òrí ti le bí òkúta nítorí òtútù. Wọ́n á fi èékánná ha díẹ̀, wọ́n á máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á títí yóò fi yọ́, wọ́n á wá gbá a mọ́ ẹ̀yìn mi tí omi ṣì ń ro lára rẹ̀. N kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ń rùn, eruku ń lẹ̀ mọ́ mi lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n ara mi kì í sán.

Omi gbígbóná ńkọ́? Omi tí a lè fi hú ìyẹ́ adìyẹ ni ọ̀pọ̀ wa fi ń wẹ̀ lásìkò ọyẹ́, ó sì ń bó ọ̀rá ara dànù. Kí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ti tó. Wọ́n á bú mi fún èyí: ẹ dín ọṣẹ dúdú kù pẹ̀lú. Eérú ló ń jẹ́ kó mú, kò sì yẹ fún gbogbo ara lójoojúmọ́ nígbà tí ara ti gbẹ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí gìgísẹ̀ rẹ̀ là, kó má fi oògùn ilé tan ara rẹ̀ jẹ, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ.

Ní ti òrí yẹn, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fi òfin oṣù 6 de kíkó èso òrí tí a kò tíì ṣe jáde lọ sókè òkun. Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. A ti ń ta èso yẹn lápòlápò tipẹ́, kó tó padà wálé nínú ike tínńtín, pẹ̀lú òórùn òdòdó àti owó gọbọi. Àwọn obìnrin tó ń ṣà á, tó ń sè é, tó ń gún un, tó ń fọwọ́ pò ó nínú omi títí ọ̀rá rẹ̀ fi léfòó, owó díẹ̀ ni wọ́n ń rí.

Ọyẹ́ mìíràn ń bọ̀. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bu kíríìmù nínú korobá, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló wà nínú rẹ̀? Bó bá ń kólòlò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjá sọ́dọ̀ ìyá olóòrí.