Ayé kọ́ ló ń gé ọ̀rá omi yín ní ìgékúgèé, ariwo iná ni

Ká ní ẹnì kan dá ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá sílẹ̀ ní Ìjàrà-Ìsin. Ó gbẹ́ kànga, ó ra ẹ̀rọ tó ń rọ omi sínú ọ̀rá tó sì ń lẹ̀ ẹ́, ó gba nọ́ńbà NAFDAC. Nǹkan ń lọ déédéé. Ó wá ra pọ́ǹpù ńlá, wọ́n sì so VFD mọ́ ọn, ìyẹn àpótí tó ń darí eré mọ́tò. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ tó ń lẹ ọ̀rá ti ń ya wèrè. Bí pọ́ǹpù bá dákẹ́, orí rẹ̀ á pé. Bí pọ́ǹpù bá tún bẹ̀rẹ̀, á máa gé ọ̀rá láàrin orúkọ: ìdajì nọ́ńbà NAFDAC á wà lára ọ̀rá kan, ìdajì lára èkejì. Ta ni yóò ra irú omi bẹ́ẹ̀ l'Ómù-Àrán? Kílò ni wọ́n sì fi ń ta ọ̀rá, kì í ṣe ọ̀fẹ́!

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá á ní ọmọ iṣẹ́ ló ń sùn nídìí ẹ̀rọ. Ọmọ iṣẹ́ á búra pé òun ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹnì kan á wá yọ́ ọ̀rọ̀ sọ pé ayé ti gbọ́, pé àwọn tó ń ta omi nílùú kejì ò sùn. Wọ́n á lé ọmọ iṣẹ́ lọ, wọ́n á gba àdúrà, ẹ̀rọ ò ní yéé ya wèrè.

Kò sí ayé kankan níbẹ̀ o jàre. Lára ẹ̀rọ náà ni ojú kan wà tó ń wo àmì dúdú tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀rá. Bó bá ti rí i, á ránṣẹ́ sí páńẹ́ẹ̀lì pé kó gé e. Iṣẹ́ tó ń rán yìí kì í sábà ju fólìtì 24 lọ. Bẹ́ẹ̀ inú páìpù kan náà ni wáyà rẹ̀ àti wáyà mọ́tò tó gbé fólìtì 415 jọ gbà kọjá. VFD kì í sì í rán iná jẹ́jẹ́. Ńṣe ló ń tàn án tó ń pa á, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí onílù bàtá bá jókòó ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ni ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ yóò gbọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Láàrin 1886 sí 1888 ni Heinrich Hertz fi hàn ní Jámánì pé bí iná bá ta pàrà níbì kan, wáyà tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, tí ohunkóhun ò so mọ́ ọn, lè gbà á. Orí rẹ̀ ni rédíò dúró lé. Nítorí náà, rédíò kékeré ni ẹlẹ́rìí tó dára jù. Ẹ yí i sí mídíọ́mù wéèfù níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ń sọ̀rọ̀, kí ẹ gbé e sún mọ́ páńẹ́ẹ̀lì. Bó bá ń ta bí àgbàdo inú iná nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, tó sì dákẹ́ bí wọ́n ṣe pa á, ọwọ́ ti tẹ olè.

Kí ẹnikẹ́ni má sì pè é ní eré. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1967, nínú ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Forrestal, iná tó ṣèèṣì fò nígbà tí wọ́n ń yí ọkọ̀ òfuurufú kan kúrò lórí iná ìta bọ́ sórí tirẹ̀ ló yin rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ènìyàn 134 ló kú. Ẹ̀rọ omi ò ní rọ́kẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ó ní ẹnu gbígbóná tó ń pa dé, ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló sì ń wọ ibẹ̀ láti tún ọ̀rá ṣe.

Èyí tó burú jù ni oògùn tí àwọn oníṣẹ́ iná kan máa ń lò: wọ́n á gé wáyà ẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní òun ló ń gbé ariwo wọlé. Háà! Nígbà míì ariwo á dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wáyà kan bá bó, tó kan ara irin, ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ tì í ni yóò di ẹ́ẹ̀tì. Àwọn mìíràn á ri irin tuntun mọ́lẹ̀ fún ẹ̀rọ nìkan, láìso ó pọ̀ mọ́ ti ilé. Bí àrá bá sán, iná tó wà lórí irin méjèèjì ò ní dọ́gba, ẹ̀rọ ni yóò fi ara gbá a. Ó dára kéèyàn fi iyọ̀ àti èédú sí ìdí irin, kó máa bomi rin ín nígbà ọyẹ́ tí ilẹ̀ Ìgbómìnà bá gbẹ. Ti ẹ̀mí àti ti àrá nìyẹn. Ariwo VFD kò wá ilẹ̀ lọ: inú VFD tó ti jáde ló fẹ́ padà sí, ọ̀nà tó kúrú ló sì ń wá.

Ẹ fún un lọ́nà náà. Ẹ ra wáyà mọ́tò tó ní àwọ̀n irin lára, kí ẹ fi irin gbá àwọ̀n náà mú yíká-yíká ní ìdí VFD àti ní ìdí mọ́tò. Kí ẹ má lọ́ ọ bí ìrù eku kí ẹ wá so ó mọ́ bóòtù kan; ìrù yẹn gan-an ni ariwo ń gbà jáde. Ẹ fá ọ̀dà kúrò níbi tí irin ti fẹnu ko irin nínú páńẹ́ẹ̀lì, torí ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Wáyà pẹlẹbẹ tí wọ́n hun bí irun dídì ni kí ẹ fi so ilẹ̀kùn mọ́ ara àpótí. Kí wáyà ojú ẹ̀rọ jìnnà sí ti mọ́tò tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn bí àgbélébùú. Ó máa ń dun àwọn ọ̀gá kan, nítorí wáyà tó di ìdì kan ṣoṣo, tó tò rẹ́gírẹ́gí, ni wọ́n fi ń mọ oníṣẹ́ tó mọ́wọ́. Ẹwà yẹn ló ń ba ọ̀rá jẹ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ pa iná, kí ẹ sì dúró iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára VFD, torí iná ṣì máa ń kù sínú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n lé ńkọ́? Ẹ ránṣẹ́ pè é, kó wá bá yín fá ọ̀dà.