Igi Tí A Fi Ń Yan Bóńgà, Ilé Bóńgà Ni

Ẹni tó bá ya Ọjà Ọba ní Ìlú Bìní, òórùn ẹja bóńgà yíyan ni yóò kọ́kọ́ kí i. Ẹ mú ọ̀kan nínú apẹ̀rẹ̀: ó pẹlẹbẹ, èéfín ti pọ́n ọn lára, ikùn rẹ̀ sì mú bí ojú ọ̀bẹ.

Ìbátan ṣàwá inú yìnyín ni, àmọ́ òkun tútù ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ń kó ṣàwá wá. Ọmọ ilé ni bóńgà. Odò Ovia, tó gba ìwọ̀-oòrùn Ìlú Bìní kọjá, ń ṣàn lọ bá Odò Benin, tó wọ òkun. Ibi tí omi odò àti omi iyọ̀ ti pàdé yìí ni bóńgà fẹ́ràn. Bí òjò rọ̀ tí iyọ̀ dín, bí ẹ̀ẹ̀rùn dé tí iyọ̀ pọ̀, ó ń fara dà á. Àárín igi ẹ̀gbà, tó ta gbòǹgbò sínú omi, sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà.

Ẹ̀gbà yìí kan náà ni wọ́n ń gé láti fi yan án, nítorí iná rẹ̀ kì í tètè kú. A ń tú ilé ọmọ ká kí a lè yan ìyá! Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tún ń gbá ọmọ tó ṣẹ́ kù lọ.

Kì í ṣe bóńgà nìkan ni ẹja tó ń dín nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré. Ẹ wo Òkun Baltic ní Yúróòpù. Iyọ̀ tó wà nínú lítà omi rẹ̀ kan kò ju gíráàmù 6 sí 8 lọ ní àárín gbùngbùn rẹ̀, nígbà tí ti òkun ńlá jẹ́ 35. Ara ṣàwá ibẹ̀ kéré sí ti òkun ńlá. Ní 2023, ẹja náà dín débi pé Àjọ Yúróòpù dábàá kí wọ́n dáwọ́ pípa rẹ̀ dúró láwọn apá kan. Àwọn mínísítà orílẹ̀-èdè ibẹ̀ kò gbà, ṣùgbọ́n wọ́n gé iye tí wọ́n lè pa kù. Àwọn tó ń ṣírò ẹja wọn lọ́dọọdún nìyẹn o; àwa ńkọ́?

Ẹ̀yin apẹja, ẹ lo àwọ̀n tí ọmọ ẹja lè gba ojú rẹ̀ jáde. Ẹ má da májèlé sódò. Òfin ti kà á léèwọ̀ láti 1992. Ẹ̀yin ìyá tó ń yan ẹja, ẹ mọ ààrò Chorkor bíi ti Ghana, tí a ń to pẹpẹ lé ara wọn lórí iná. Igi díẹ̀ ló ń jẹ. Kí igi náà má sì jẹ́ ẹ̀gbà.

Ẹ̀yin oníbàárà, ọwọ́ yín ni agbára wà: ẹ má ra ọmọ bóńgà. Ọjà tí kò bá tà, wọn kì í gbé e wá mọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, inú apẹ̀rẹ̀ ẹja ni ọmọ náà wà.