Ohun Tí A Fi Rán Wa àti Ohun Tí A Rí He

   

Ọ̀rọ̀ eré ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí bẹ́ẹ̀ ṣí ojú ewé kọjá. Ìyá kan ní Ọ̀yẹ́ ló ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní ìlú òyìnbó mú ẹyọ kan nínú owó ẹyọ tí ìyá náà jogún lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Ó so ó mọ́ irin pẹlẹbẹ kan tó ní nọ́ńbà, ó sì fi í sínú ike kan tí wọ́n tọ́jú sábẹ́ igi, kí àwọn ẹlòmíràn lè máa gbé e láti ìlú dé ìlú títí yóò fi dé Jámánì. Ẹni mẹ́rin gbé e, wọ́n sì ń kọ ọ́ síbi tí ọmọ náà ti lè kà á. Ẹni karùn-ún kọ ọ́ pé òun ti mú un. Láti ìgbà náà, ó di oṣù mọ́kànlá, wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìbéèrè méjì ni ìyá yìí bi mí: ṣé olè ni ẹni náà? Ṣé kí àwọn ké Yásíìnì sí i?

N óò dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú eré tí èyí jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín lè má tíì gbọ́ ọ rí, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ yín lè máa ṣe é níbi tí wọ́n wà.

Geocaching ni orúkọ eré náà. Àwọn sátẹ́láìtì kan wà lójú sánmà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé síbẹ̀. Wọ́n wà lára ohun tó ń jẹ́ kí fóònù mọ ibi tí a dúró sí. Látijọ́, ìjọba yẹn mọ̀ọ́mọ̀ ń da iṣẹ́ wọn rú fún ẹni tí kì í ṣe ológun, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ lè fi bí 100 mítà ṣìnà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni wọ́n dáwọ́ ìyẹn dúró. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Ulmer gbé garawa dúdú kan lọ sínú igbó nítòsí Beavercreek, ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ó kéde ibi tó wà fún aráyé, ó ní kí ẹni tó bá rí i mú nǹkan kan níbẹ̀, kí ó sì fi nǹkan mìíràn sílẹ̀. Ìwé wà nínú rẹ̀, owó wà níbẹ̀, kànnàkànnà wà níbẹ̀, àgólò ẹ̀wà sì wà pẹ̀lú. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àgólò ẹ̀wà yẹn ti di ohun tí àwọn eléré yìí ń gbé kiri, tí wọ́n ń lọ wò bí ẹni lọ kí àgbà.

Ẹ fi ojú sí òfin àkọ́kọ́ yẹn: mú nǹkan, fi nǹkan sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó ń darí eré náà ní Seattle gbé ohun mìíràn jáde, wọ́n pè é ní Travel Bug. Irin pẹlẹbẹ méjì ni, irú èyí tí àwọn sójà máa ń fi kọ́rùn, nọ́ńbà kan náà ló sì wà lára méjèèjì. Ẹni tó ni ín yóò so ọ̀kan mọ́ ohun tó fẹ́ kó rìnrìn àjò, yóò fi èkejì pamọ́ sílé. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé e yóò kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, olóhun yóò sì rí i pé ẹrù òun ti kúrò níhìn-ín, ó ti dé ọ̀hún, ó ti rin máìlì báyìí. Irú ohun bẹ́ẹ̀ kò sí nínú pàṣípààrọ̀. Ẹni tó mú un gbà láti gbé e síwájú ni, kò gbà á láti jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ike kan náà ni òun àti àwọn ohun pàṣípààrọ̀ jọ ń gbé. Ọmọ ọdún méje tó ṣí ike náà, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé bọ́ọ̀lù kékeré yẹn jẹ́ ti ẹni tó bá mú un, àmọ́ pé ọmọláńgidi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

Àwọn mìíràn nínú àwọn arìnrìnàjò yìí ti rìn jìnnà ju Mẹ́kà lọ. Ní ọdún 2013, Rick Mastracchio, ọ̀kan nínú àwọn tí Amẹ́ríkà ń rán lọ sójú sánmà, gbé ọ̀kan dání lọ sí ilé tí wọ́n kọ́ sókè lọ́hùn-ún, ó sì gbé e padà wálé ní ọdún 2014. Ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà gbé gúnlẹ̀ sórí Mars ní ọdún 2021 náà ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lára. Ti orí Mars kò sọnù, gbogbo ayé mọ ibi tó wà. Èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹni tó ń gbé ní àdúgbò kejì ni a wá tì.

Ó dára. Àwa náà kò ṣàìmọ ohun tí a ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀ nílẹ̀ wa, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́, owó ẹyọ yìí náà ni wọ́n sì fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ẹ̀fà ni. Ẹyọ mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọra. Ẹyọ méjì tó kọjú síra, ọ̀rẹ́ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti wà nílẹ̀. Òyìnbó míṣọ́nnárì kan, Gollmer, tó gbé ní Àgbádárìgì àti Èkó, kọ nípa wọn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní ọdún 1885. Ìránṣẹ́ tó gbé àrokò mọ orúkọ ẹni tó rán an, ó mọ ilé ẹni tó ń lọ bá. Kò lè ṣì í mú fún ẹ̀bùn. Bákan náà ni lónìí, bí ìyá kan bá fẹ́ fi èlùbọ́ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Èkó, yóò gbé e fún dírẹ́bà ní gáréèjì, yóò kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ọmọ náà gàdàgbà sára àpò. Kò sí dírẹ́bà tí yóò sọ pé òun rò pé wọ́n fi èlùbọ́ ta òun lọ́rẹ ni.

Ohun arìnrìnàjò inú ike kò ní irú àǹfààní yìí. Àjèjì ló fi í sílẹ̀, àjèjì ló mú un, wọn kò rí ojú ara wọn.

Nílé kéú, orí ọ̀tọ̀ ni a ti kọ́ ọ̀rọ̀ ohun àwárí, orí ọ̀tọ̀ ni a ti kọ́ ọ̀rọ̀ àmánà. Ẹni tó rí nǹkan he yóò mọ àpò rẹ̀ àti okùn tí a fi dì í, yóò kéde rẹ̀ fún ọdún kan, lẹ́yìn náà ó lè lò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olóhun ṣì ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ bí ó bá dé. Ṣùgbọ́n àmánà kò ní ọjọ́ tí yóò di ti ẹni tí a fi lé lọ́wọ́, ìbáà ṣe ogún ọdún. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ẹyọ owó yìí. Ní ojú ọmọ tó fi í sílẹ̀, àmánà ni. Ní ojú ẹni tó ṣí ike, ó lè jẹ́ pé ohun tí òun rí he ni. Àwọn méjèèjì ń wo ohun kan náà, ohun tí wọ́n sì rí yàtọ̀ síra.

Nítorí náà, ìyá mi ní Ọ̀yẹ́, ẹ má tíì pe ẹni yẹn ní olè. Mo mọ̀ pé ó dùn yín, ogún ìyá kì í ṣe ohun eré. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí irú ohun báyìí fi ń dúró lójú kan pọ̀. Bóyá ẹni náà kó kúrò ní ilé, ẹyọ náà wà nínú páálí tí kò tíì tú. Bóyá ó ṣàìsàn. Bóyá eré náà sú u. Èyí tó sì máa ń ṣẹlẹ̀ jù lójú tèmi ni pé ó ti fi í sínú ike mìíràn tipẹ́, ó kàn gbàgbé láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹlòmíràn ti mú un, òun náà kò kọ ọ́. Orúkọ ẹni àkọ́kọ́ sì wà lójú ìwé bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Nígbà mìíràn ike gan-an ni wọ́n jí, ìyẹn ni pé àwọn tí kò mọ̀dí eré náà rí i, wọ́n gbé e dànù pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. N kò sọ pé kò sí àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ dì í mú o. Wọ́n wà, pàápàá bí ohun náà bá jẹ́ owó idẹ tó rẹwà, èyí tí wọ́n ń pè ní geocoin. Ojú a máa wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kò lè ti òde mọ èyí tó jẹ́ nínú wọn.

Ẹ fi Yásíìnì sílẹ̀. Bí ẹ bá ké e, ta ni ẹ ń ké e sí? Ọmọ ọdún méje?

Ohun tí kí ọmọ náà ṣe nìyí. Kí ó ka ohun tí wọ́n kọ gbẹ̀yìn dáadáa. Nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan sọ pé òun mú un, kí ó kọ̀wé sí ẹni náà nípasẹ̀ ojú ìwé eré yẹn, kí ọ̀rọ̀ náà má sì ní “kí ló dé” nínú rárá. Kí ó kọ ọ́ báyìí: “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí i pé ẹyọ owó mi dé ọ̀dọ̀ yín, inú mi dùn. Jámánì ni ó ń lọ. Bí kò bá rọrùn fún yín láti gbé e síwájú, ẹ sọ fún mi, n óò san owó ìfìwéránṣẹ́ kí ẹ lè dá a padà.” Ẹ rí i pé ìwé yìí ṣílẹ̀kùn fún ẹni náà láti jáde láìsí ìtìjú. Ẹni tí ojú ń tì kì í dá ohun padà, fífi í pamọ́ sí i ni yóò máa ṣe. Bí oṣù kan bá kọjá láìsí èsì, kí ó kọ ẹ̀ẹ̀kejì. Lẹ́yìn èyí, ó tó. Kí ó má gbé orúkọ ẹnikẹ́ni síta.

Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n kọ gbẹ̀yìn ni pé ó wà nínú ike báyìí, tí àwọn tó débẹ̀ lẹ́yìn náà kò sì rí i, ẹni tó ni ike ni kí a bẹ̀ kó lọ wò ó. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọn yóò sàmì sí i pé a kò mọ ibi tó wà. Èyí kò pa ìwé rẹ̀ rẹ́. Bí ẹnì kan bá ṣí àpò ní ọdún márùn-ún sí i tó sì kọ nọ́ńbà náà, ìrìn àjò rẹ̀ yóò máa bá a lọ láti ibẹ̀.

Irin kejì tó wà nílé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń so ó mọ́ ohun tuntun, wọ́n sì tún rán an jáde. Mo fara mọ́ èyí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kí wọ́n ra ẹyọ kan lọ́jà. Ti ìyá àgbà kò gbọdọ̀ kúrò nílé mọ́. Ohun tí a bá ní ẹyọ kan ṣoṣo rẹ̀, a kì í fi í lé ọwọ́ ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí a kò mọ̀. Àwọn òyìnbó eléré yìí gan-an mọ̀ ọ́n. Àwọn kan a máa lu owó idẹ wọn níhò kí ẹwà rẹ̀ lè dín kù, kí ó má baà wu ẹnikẹ́ni láti fi pamọ́.

Kí wọ́n sì kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó kí òjò má baà bà á jẹ́, kí wọ́n so ó mọ́ ọn: “Èmi kì í ṣe ẹ̀bùn. Mo wà lójú ọ̀nà. Jámánì ni mò ń lọ. Bí o kò bá lè gbé mi síwájú, fi mí sílẹ̀ níbi tí o ti rí mi.” Ẹ̀yin ìyá kò nílò kí n kọ́ yín ní èyí. Ta ni nínú yín tí kò fi ọ̀dà sàmì sí ìdí abọ́ rẹ̀, nígbà tí ẹran Iléyá bá ń ti ilé dé ilé? Àwọn ìyá Àsàlátù tí mo mọ̀ ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ń kọ ọ́ sí pé ta ni ìkòkò ńlá ẹgbẹ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àti ọjọ́ tó gbé e. Láti ọjọ́ tí ìwé yẹn ti wà, a kò gbọ́ ariwo ìkòkò mọ́ lẹ́yìn ìrun.

Ó ku ẹni tí ohun náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ wa wà lápá ibẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní kí a má ṣe jẹ́ kó pẹ́ jù lọ́wọ́ ẹni. Bí yóò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a kọ̀wé sí olóhun. Ọjọ́ tí a bá mú un ni kí a kọ ọ́, ọjọ́ tí a bá fi í sílẹ̀ náà ni kí a kọ ọ́. Ike tó lágbára, tó jìnnà sí ẹsẹ̀ èrò, ni kí a fi í sí. Bí ẹ bá sì rí irin pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ nínú àpò ọmọ tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ yín ní Ìkọ̀lé tàbí ní Ìdó, ẹ bi í léèrè ibi tí ohun náà ń lọ. Kí ó ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé yín, kí ó fi ìka bo nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹni tí kò rí ohun náà má baà máa kọ ọ́ kiri, kí ó sì kọ̀wé sí olóhun ní alẹ́ ọjọ́ náà pé Èkìtì ni ẹrù rẹ̀ wà, àti ọjọ́ tí yóò tún gbéra.