Owó táìlì wà, owó oníṣẹ́ gáàsì kò sí

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tún kíṣìnì ṣe l'Ékòó kì í ṣahun tó bá di ọ̀rọ̀ táìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù. Tó bá wá kan gáàsì, bíríkìlà ni wọ́n máa ní kó tú rọ́bà rẹ̀, kó sì dè é padà. Lọ́jọ́ tí ìyàwó ilé bá kọ́kọ́ ṣáná sí i, kíṣìnì tuntun gbiná. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá ń jò, ìsàlẹ̀ ló ń rọ̀gún sí, àgàgà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní ihò. Èló ni rọ́bà tuntun àti kílíìpù rẹ̀? Omi ọṣẹ tí wọ́n fi ń yẹ ojú ìdè wò, tó máa ń hó níbi tó bá ti ń jò, ọ̀fẹ́ ni. Ìta ló yẹ kí sìlíńdà wà. Kọngílá tí kò bá tíì ṣe èyí, kí onílé má san owó tó kù fún un.