Bùkátà Ilé Wa àti Fọ́ọ̀mù Owó Orí

Ọ̀rọ̀ owó orí ni mo mú wá lónìí. Nítorí pé mo mọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ mọ́ ti Lárúbáwá, àwọn ará Ìfọ́n àti Ìlobùú a máa mú fọ́ọ̀mù ìjọba tọ̀ mí wá, ìbéèrè wọn kì í sì í ju méjì lọ: “Àfáà, níbo ni a ó kọ àwọn tí à ń bọ́ sí?” àti “Ọjọ́ ti kọjá, kí ni ṣíṣe?”

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èkíní. Nínú òfin owó orí ti ọdún 1993, lẹ́yìn àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i, àyè wà fún ọmọ mẹ́rin, àti fún ìbátan méjì bí ìyá opó tàbí ẹni tí ogbó kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ mọ́. Náírà 2,500 ni wọ́n ń yọ sílẹ̀ lórí ọmọ kan, náírà 2,000 lórí ìbátan kan, kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Gbogbo rẹ̀ kò ju náírà 14,000 lọ lọ́dún. Owó náà kéré, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé òfin mọ̀ pé ènìyàn kì í dá jẹun.

Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026, kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Náírà 800,000 àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá rí lọ́dún, kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Lórí 2,200,000 tí ó tẹ̀lé e, yóò gba náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó bá ń san owó ilé, wọn yóò yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé náà sílẹ̀ fún un, kò gbọdọ̀ sáà ti ju 500,000 lọ.

Òfin yìí ṣàánú tálákà, kò sì yẹ kí a bu ẹnu àtẹ́ lù ú fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ayálégbé Èkó rí nǹkan mú níbẹ̀. Ará Ìfọ́n tí ó ń gbé agbo ilé bàbá rẹ̀, tí ó ń bọ́ ìyá arúgbó àti ọmọ méje, kò rí nǹkan kan. Òun àti àpọ́n tí ó ń dá jẹ, ọ̀kan náà ni òfin kà wọ́n sí. Kí àwọn aṣòfin tún un wò.

Bí ó ti wù kí ó rí, kí Mùsùlùmí má torí èyí purọ́. Ẹni tí kò san owó ilé kò gbọdọ̀ wá ìwé ẹ̀rí owó ilé. Ẹni tí ó kọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ọmọ bíbí inú ara rẹ̀ ti tàpá sí àṣẹ Ọlọ́run nínú Súrátù Áhísáàbù, pé bàbá tí ó bí ọmọ ni kí a máa fi ọmọ pè. Ẹ má sì ṣe sọ pé ẹ ti yọ sàká. Sàká ní ẹni tí ó tọ́ sí. Owó orí ní tirẹ̀. Ọ̀kan kò san gbèsè èkejì.

Ó di ìbéèrè kejì. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta lọ́dọọdún ni òpin fún fọ́ọ̀mù. Ẹni tí ó bá pẹ́, náírà 100,000 ni ìtanràn oṣù àkọ́kọ́, 50,000 sì ni fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ó tẹ̀lé e. Ẹ wo oníṣòwò tí èrè rẹ̀ lọ́dún jẹ́ 1,000,000 náírà: owó orí rẹ̀ jẹ́ 30,000. Bí ó bá fi oṣù mẹ́ta pẹ́, ìtanràn rẹ̀ di 200,000! Ìyà yìí ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Kí ìjọba fi ìtanràn mọ bí owó orí ẹni ti tó, kí wọ́n sì tẹ fọ́ọ̀mù ní Yorùbá. Ohun tí owó orí dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa nígbà Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 àti 1969 kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Ní ti àwa náà, ẹni tí ó ti pẹ́ kò gbọdọ̀ sá, nítorí oṣù kọ̀ọ̀kan ń bí owó lé e. Kí ó tọ àwọn agbowó-orí ìpínlẹ̀ lọ ní Òṣogbo, kí ó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ bí owó kò tilẹ̀ tíì pé, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Fífi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ yàtọ̀ sí sísan owó. Kí ó má kó owó lé alágbàṣe ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́.

Ẹ̀yin Lèmọ́mù, láti oṣù kìíní ni kí ẹ ti máa kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Áyà tí ó gùn jù nínú Kùránì, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni Ọlọ́run sọ ọ́ kalẹ̀. Ìṣírò ayé yìí kò ju ìdánwò kékeré lọ níwájú ti ọ̀run. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a jẹ́ olóòótọ́ nínú méjèèjì. Àmín.